Yàrá Kan àti Ààbọ̀

Alága kì í ṣe alága ohunkóhun. Kò ṣe alága ìjọba rí, kò ṣe alága ẹgbẹ́, kódà kò ṣe alága ìpàdé ọmọ ìyá méjì rí. Àga ló ń tún ṣe. Bí tìmùtìmù bá ya, bí fóòmù rẹ̀ bá ti rì wálẹ̀ bíi búrẹ́dì tí ẹnìkan jókòó lé, òun ni wọ́n ń pè kó wá tú u, kó ki fóòmù sínú rẹ̀, kó rán an, kó sì kan ìṣó rẹ̀ padà, títí ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ yóò fi máa rò pé ọjọ́ ìbí òun ni. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Láti kékeré ló ti ń gbé abẹ́ àga ju orí àga lọ, tí yóò máa na ìṣó sí bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, àwọn oníbàárà wo ọmọbìnrin tó jogún òòlù, wọ́n ní, "Alága tuntun ti dé o." Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Orúkọ ọ̀hún máa tó kó o sí wàhálà, ẹ ṣáà fara balẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá kan ló gbé e dé ìlú ńlá. Gbọ̀ngàn ìwòran kan wà níbẹ̀ tí àga inú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, kò sì sí èyí tí kò ya nínú wọn. Wọ́n ní kó wá tún gbogbo wọn ṣe, iṣẹ́ tí yóò gbà á tó oṣù mẹ́jọ. Inú Alága dùn, ó fò sókè, kó tó balẹ̀ ló rántí Tíńtín.

Tíńtín ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti rin ìrìnàjò. Inú ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá pè lónìí láti orí omi kan, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti orí omi mìíràn. Ọwọ́ Màmá, ìyá Alága, ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ sí fún ìgbà díẹ̀. Màmá yìí, bí kò bá sí nítòsí, Sájẹ́ǹtì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é. Kò ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí o. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Lọ ṣiṣẹ́ ẹ," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi yéké. Ibi tí ààbò bá wà ni ọmọ yìí máa gbé. Bó o bá rí ààbò, màá mú un wá bá ẹ. Bó ò bá rí i, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà títí wàá fi parí gbogbo àga wọn."

"Màmá, oṣù mẹ́jọ nìyẹn o!"

"Kí ló burú níbẹ̀? Eyín ẹ̀ á ti hù. Wàá kàn wá bá eyín tuntun nílé ni."

Ọ̀rọ̀ eyín yẹn ló wọ Alága lára. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn eyín kékeré yẹn kọ́kọ́ yọ, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n já. Ta ló sọ pé ẹlòmíràn ló máa rí àwọn eyín àgbà tó ń bọ̀?

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe irun ló kọ́kọ́ dé sí. Orí àga gígùn inú pálọ̀ ló ń sùn, àga tó le bíi pé bíríkì ni wọ́n há sínú rẹ̀. Alága fara dà á díẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, onírun ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá àga rẹ̀ ní ìhòòhò láàárín pálọ̀, fóòmù lápá kan, aṣọ lápá kejì, àlejò rẹ̀ láàárín, ìṣó lẹ́nu.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni."

Nígbà tí Alága ṣe é tán, onírun jókòó sórí rẹ̀, ó rì wọlé díẹ̀díẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Má lọ mọ́, jọ̀ọ́. Àwọn àga ìdáná náà ń dúró dè ẹ́."

Ṣùgbọ́n ilé onírun jìnnà sí gbọ̀ngàn bí ojú ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn orí. Bọ́ọ̀sì kan á gbé Alága, á já a, òmíràn á tún gbé e. Kó tó délé, ọmọ tó bá ń dúró dè é níléèwé á ti bá wọn ti géètì, á sì ti gbálẹ̀ kíláàsì. Ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ ló nílò, kó sún mọ́ iléèwé, kó sì ní ohun tí Sájẹ́ǹtì ń béèrè. Onírun pe ajẹ́ntì ilé kan tó mọ̀.

"Alága kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń wá ilé," ló sọ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú wọn dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, ajẹ́ntì dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọrùn gígùn, ó wọ kóòtù sínú ooru, bàtà rẹ̀ sì ń dán débi pé ó lè fi wo eyín rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Alága lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Ẹ káàárọ̀ o. Alága ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jáde bọ̀?"

"Èmi nìyí."

"Áà! Ẹ̀yin nìkan? Ẹ ò kó èrò dání?"

"Èrò wo?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ajẹ́ntì tẹrí ba. "Àwọn alága tí kì í ṣe fújà ló ń pẹ́ lórí ipò."

Alága ò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó jọ àdúrà, ó ní, "Àmín."

Ẹ́sítéètì kan ló mú un lọ. Ògiri rẹ̀ ga, irin ṣóńṣó-ṣóńṣó wà lórí ògiri, gáàdì sì wà lẹ́nu géètì. Gáàdì ní kí Alága ṣí báàgì rẹ̀. Òòlù ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀mú tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ ìránga jáde, èyí tó gùn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Gáàdì sún sẹ́yìn.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí gún?"

"Àga."

Gáàdì wo ajẹ́ntì. Ajẹ́ntì sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Alága ni." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gáàdì nà ró, ó kí i bí ṣójà.

Inú ẹ́sítéètì mọ́ tónítóní. Òdòdó wà, iná ojú pópó wà, àwọn ilé ńlá ńlá kọ ẹ̀yìn síra wọn bí àwọn tó jà láàárọ̀. Alága ń fojú wá nǹkan kan, kò sì rí i. Ẹlòmíràn tó bá ń wá ilé, òrùlé ló ń wò, tàbí omi, tàbí ilẹ̀kùn. Alága náà ń wo gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni bóyá àwọn èèyàn gbé àga síta. Iṣẹ́ ti bà á lójú jẹ́. Lójú tirẹ̀, àga tó wà níta túmọ̀ sí pé ẹnìkan máa ń jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó níta ń rí ẹni tó ń kọjá.

"Ṣé kì í sẹ́ni tó ń jókòó síta níbí ni?"

"Síta kẹ̀? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníkálukú wà nínú lọ́hùn-ún."

"Bí ọmọ bá ṣubú lójú títì yìí, ta ló máa gbé e?"

Ajẹ́ntì nàka sókè. "Kámẹ́rà máa rí i."

"Mo gbọ́. Kámẹ́rà á rí i. Mo ní ta ló máa gbé e?"

Ajẹ́ntì yí ọ̀rọ̀ padà, ó dárúkọ iye owó ilé. Ikọ́ gbé Alága débi pé gáàdì sáré gbé omi wá.

"Ẹ̀yin alága náà?" ni ajẹ́ntì wí tìyanutìyanu. "Tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?"

"Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Bàbá, àga ni mò ń ṣe! Tìmùtìmù!"

Ajẹ́ntì yíjú sí i. Ó wo báàgì òòlù. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ níbẹ̀ láìjanpata, ó ní, "Ẹ̀yin ò wá tètè sọ. Ooru ti ń pa mí látàárọ̀."

Nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Alága ń tú àga ìlà iwájú. Àga gbọ̀ngàn dà bí àpò àgbàlagbà: ohun tó bá ti jábọ́ sínú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ó ti bá yẹtí nínú rẹ̀, ó ti bá kọ́kọ́rọ́, súìtì tó ti di òkúta, àti eyín àtọwọ́dá kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú fóòmù. Eyín yẹn ló mú un rántí ohun tó wá ṣe. Ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ajẹ́ntì kí àṣìṣe mìíràn má baà ṣẹlẹ̀:

"Yara kan ati aabo ni mo fe. E ma gbagbe aabo yen o. Aabo yen lo se pataki ju."

Ajẹ́ntì dáhùn kíá: "Ko si wahala. Aabo o ni soro."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, kò sí ìkankan lábẹ́ ẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù náà nìyẹn, a ó sì máa retí kí ẹlòmíràn mọ ohun tó wà nínú wa.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ajẹ́ntì pè é pé òun ti rí i. "Kò jìnnà rárá," ló wí, gbólóhùn tó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn tó ń jẹ bàtà èèyàn. Lóòótọ́ ilé náà sún mọ́ gbọ̀ngàn gan-an, èèyàn lè gbọ́ àwọn eléré tó ń dánra wò láti ojú fèrèsé. Ajẹ́ntì ṣílẹ̀kùn bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀bùn.

"Yàrá kan nìyí." Ó rìn dé kọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti fi pátákó dá àyè kan sí bí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ààbọ̀ nìyí!"

"Ààbọ̀ kí ni?"

"Ààbọ̀ yàrá. Yàrá kan àti ààbọ̀. Ẹ ní kí n má gbàgbé ààbọ̀ yẹn, ẹ ní òun ló ṣe pàtàkì jù. Mi ò rí èèyàn tó fẹ́ràn ààbọ̀ tó báyìí rí."

"Ààbò ni mo kọ! Ààbò! Kí olè má wọlé, kí ọmọ má sọnù!"

Ajẹ́ntì yọ fóònù. Àwọn méjèèjì forí kan orí lé e lórí, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ ò fi nǹkan sábẹ́ ẹ̀," ni ajẹ́ntì wí.

"Ẹ wò ó dáadáa, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Lórí fóònù yín, kì í sí nǹkan lábẹ́ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó ní?"

Alága bú sẹ́rìn-ín, ajẹ́ntì náà bú sí i. Wọ́n rín in títí pátákó ààbọ̀ fi ń mì.

Ẹ̀rín yẹn ló ṣì wà lẹ́nu Alága tó fi jáde síta, tó rí àwọn àga. Àga rọ́bà mẹ́rin ni. Wọ́n fi ṣéènì kọjá nínú apá wọn, wọ́n sì fi àgádágodo tì wọ́n mọ́ irin ojú fèrèsé bí ọ̀daràn.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ibi iṣẹ́ yín nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán! Ẹ lè ju òòlù, kó balẹ̀ síbẹ̀!"

"Bí wọ́n bá ń jí àga rọ́bà, kí ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀?"

Ajẹ́ntì mí kanlẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Òun náà ní ààbọ̀ o, ẹ má bínú, gbogbo ààbọ̀ ìlú yìí ni mo ti wá jọ nítorí yín. Kò jìnnà rárá."

Alága wo bàtà rẹ̀ tàánútàánú, ó tẹ̀ lé e. Láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n kọjá iléèwé kan tí wọ́n kun ọgbà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, wọ́n yà níwájú bàbá tó ń tún bàtà ṣe, wọ́n sì ti dé. Ajẹ́ntì ti sọ òtítọ́ láìmọ̀.

Àga kún òpópó náà. Àga onígi, àga onírin, àga rọ́bà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kú tí wọ́n fi bíríkì ṣe ẹsẹ̀ fún un. Èyí tó burú jù nínú wọn ni àga onítìmùtìmù kan tí fóòmù rẹ̀ ti yọ ahọ́n síta. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún Alága. Ó jókòó sórí rẹ̀. Obìnrin sísanra kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Òun ni ìyá onílé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ta ló ni àga yìí?"

"Ìwọ tó o jókòó sórí ẹ̀ báyìí ni. Bó o bá dìde, ó di ti ẹlòmíràn."

"Bílẹ̀ bá ṣú, ibo lẹ máa ń kó wọn sí?"

"Kó kí ni?"

"Àwọn àga."

Ìyá onílé wò ó bí ẹni tó béèrè ibi tí igi máa ń sùn. "Ibo ni kí wọ́n tún lọ? Ibí náà ni wọ́n ń sùn."

Kí Alága tó dìde dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ta lẹ̀ ń wá?" Ojú ti ajẹ́ntì. "Àwọn èèyàn ibí kàn máa ń tojú bọ̀rọ̀ ni, ẹ má bínú." Alága ò bínú o. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n kí kú oríire. Yàrá náà mọ́, ó ní ilẹ̀kùn gidi. Ààbọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ yíjú padà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí àwọn àga.

Ó gbà á. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sílé: "Mama, mo ti ri yara kan ati aabo. E wa wo o." Èwo ló kọ nínú méjèèjì? Òun fúnra rẹ̀ ò lè búra.

Màmá fi awò sójú, ó ka ohun tó fẹ́ kà. Nígbà tó di Sátidé, ó dé pẹ̀lú Tíńtín, ẹrù Tíńtín, ìrọ̀rí, àti rédíò kékeré rẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀ lọ ibì kankan. Tíńtín fò mọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń yọ́ jáde láti àlàfo ẹnu rẹ̀. Màmá ò fò mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fà á, ó mì í. Ó yọjú sí kọ̀rọ̀.

"Kí nìyí?"

"Ààbọ̀ ni, Màmá."

"Ààbò lo kọ ránṣẹ́ sí mi."

"Àwọn méjèèjì ni." Alága ṣàlàyé títí, láti orí kóòtù ajẹ́ntì dé orí ohun tí kò sí lábẹ́ ọ̀rọ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Ààbọ̀ nìyí, mo ti rí i. Ààbò ni mi ò tíì rí. Tíńtín, má tú ẹrù ẹ o."

"Màmá, ẹ wo àwọn àga tó wà níta. Òru, ọ̀sán, ibẹ̀ ni wọ́n wà."

"Ta ló fẹ́ jí èyí tó ń yọ ahọ́n yẹn?"

Màmá gbé rédíò rẹ̀, ó jáde, ó gbé e sórí àga ọ̀hún gan-an, orin ń lọ lórí rẹ̀. Ó padà wọlé, ó wọ inú ààbọ̀, ó jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Bí rédíò mi bá lọ," ló wí, "àwa náà ń lọ."

Alága jókòó sórí ibùsùn, ó ń ṣa ìṣó ńlá kúrò lára ìṣó kékeré, iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Tíńtín sùn lọ sí i lẹ́sẹ̀. Orin ń lọ níta, ó ń lọ, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà, kò lọ mọ́.

Alága yọjú síta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àga náà ṣófo, ahọ́n fóòmù nìkan ló wà lórí ẹ̀. Inú rẹ̀ dà bíi pé ẹnìkan fa tìmùtìmù kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nínú ààbọ̀, Màmá fi orí ti férémù fèrèsé. Alága ń yọ́ lọ síta kó lè wá rédíò náà kí ìyá rẹ̀ tó ta jí, ṣùgbọ́n ìṣó kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rédíò mi dà?"

Ohùn tí kò tíì fẹ̀yìn tì ni. Gbogbo òpópó ló jáde. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe dé, bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló bọ́ sọ́wọ́ ta?"

"Tíńtín, dìde! Gbé ẹrù ẹ! A ti rí ààbò wọn!"

Tíńtín jí, ó rí ojú ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Alága gbé e mọ́ra.

Ìyá onílé ló jáde kẹ́yìn, kò kánjú. Ó gbé nǹkan kan tó fi aṣọ ìnura dì lọ́wọ́, ó ń gbé e bí ìkókó.

"Òjò ti ṣú," ló wí. "Mo pe ìyá tó wà lójú fèrèsé, mo rọra pè wọ́n kí ọmọ má baà jí, wọn ò dáhùn. Oorun tí wọ́n ń han, mo kọ́kọ́ rò pé rédíò ló bà jẹ́. Ìgbà tí mo pa á tí kò dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé àwọn ni."

Gbogbo òpópó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá oníbàtà fi bàtà bojú. Alága ò mọ̀ bóyá kóun rín in tàbí kóun sá.

"Mi ò sùn," ni Màmá wí. "Mo dijú ni, kí n lè gbọ́ ẹsẹ̀ olè dáadáa."

"Ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ni ìyá onílé béèrè.

Bí òjò ṣe dé nìyẹn. Gbogbo wọn sá sábẹ́ òrùlé ẹnu ọ̀nà. Màmá gba rédíò rẹ̀, ó tú aṣọ ìnura kúrò lára ẹ̀, ó yí i wò. Ẹ̀kán omi kan ò kàn án. Ó yíjú sí ìyá onílé.

"Ta ló máa ń bá èèyàn gbé nǹkan wọlé níbí?"

"Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù," ni ìyá onílé wí.

"Bó bá jẹ́ ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ kẹ̀? Ìyẹn ò ní dúró de òjò. Gbogbo wa la máa jọ du ìyẹn gbé."

Màmá wo ojú òjò, ó wo Alága tó gbé ọmọ mọ́ra.

"Tíńtín," ló wí, "bọ́ bàtà ẹ."

Ó kù díẹ̀ kí Alága fò débi tí orí rẹ̀ á fi kan òrùlé. "Ṣùgbọ́n," ni Màmá fi kún un, "fèrèsé yẹn nílò ẹni tí yóò máa jókòó tì í. Màá fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó."

Ọ̀sẹ̀ kan ọ̀hún kò tíì pé títí di báyìí o. Inú ààbọ̀ ni Màmá ń sùn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń yíjú padà níbẹ̀ láìjáde. Alága tún àga òpópó tó yọ ahọ́n ṣe, ó fi èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ pupa gbọ̀ngàn bò ó. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá jókòó sórí àga ló ni ín, ṣùgbọ́n bí Màmá bá dìde kúrò lórí tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń súnmọ́ ọn. Ajẹ́ntì máa ń yà níbẹ̀ bó bá ń mú àwọn tó ń wá ilé kọjá. Bí wọ́n bá béèrè bóyá àdúgbò náà ní ààbò, á nàka sí ojú fèrèsé, á ní, "Òun nìyẹn."

Bí Alága bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò tíì ní yà níwájú bàbá oníbàtà tán tí yóò fi gbọ́ ọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Èmi wo?"

"Èmi Alága."

"Alága ibo?"

Lọ́jọ́ kan, kó tó dáhùn ni Tíńtín ti sáré já àárín àwọn àga kọjá, ó dé iwájú rẹ̀, ó ya ẹnu gbàgà. Alága fi ọwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Eyín kan ti yọrí níwájú, funfun, tíńtín, bí orí ìṣó tí wọn ò tíì kàn wọlé tán.